Ìbéèrè yín: Róbọ́ọ̀tì wa ń ba yanrìn jẹ́ dípò kó tẹ́ ẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá wa, róbọ́ọ̀tì kékeré tó ń tẹ́ yanrìn ni. Arduino Uno (bọ́ọ̀dù kékeré tó ń darí róbọ́ọ̀tì), motor oníjíà méjì àti L298N (bọ́ọ̀dù tó ń gbé iná fún motor) la fi ṣe é, abẹ tó fi ń gé yanrìn wà níwájú pátápátá. Tó bá ti kọjá báyìí, ṣe ni ilẹ̀ á rí gbágungbàgun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìgbà míì ẹ̀wẹ̀ táyà á kàn máa yí lójú kan, Arduino á sì kú, á tún tàn fúnra ẹ̀. Ṣé kóòdù wa ni ò dáa ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ náà o. Ẹ fi kóòdù sílẹ̀ ná, ibi tẹ́ ẹ so abẹ mọ́ ni wàhálà wà. Ẹ wò ó, táyà iwájú gun òkìtì kékeré kan, imú róbọ́ọ̀tì gbé sókè, abẹ náà bá a gbé sókè, ló bá fi yanrìn sílẹ̀ níbi tó yẹ kó ti gé e, táyà á wá dé orí èyí tó fi sílẹ̀ yẹn, imú á tún gbé sókè, bó ṣe máa ń lọ nìyẹn títí ilẹ̀ á fi rí bíi páànù tí wọ́n fi ń kan òrùlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní 20 cm ló wà láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn, tí abẹ sì yọ síwájú táyà iwájú ní 10 cm. Tí táyà iwájú bá gun òkìtì 1 cm, abẹ á gbé sókè ní 1.5 cm. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá so abẹ yẹn mọ́ àárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn gẹ́lẹ́, 0.5 cm péré ló máa gbé. Ẹ wo gírédà tí wọ́n fi ń ṣe títì, àárín níbẹ̀ yẹn náà ni abẹ ẹ̀ wà, ìdí tó fi gùn gbọọrọ nìyẹn.

Ti táyà tó ń yí lójú kan, ẹ̀ ń gé yanrìn jù lẹ́ẹ̀kan náà ni. Bí róbọ́ọ̀tì ṣe ń lọ ni yanrìn ń pọ̀ sí i níwájú abẹ, ẹrù ń wúwo sí i, ó sì níbi tí agbára táyà mọ lórí yanrìn, tó bá ti kọjá ibẹ̀, kòtò ló máa gbẹ́ fúnra ẹ̀. (Spirit, róbọ́ọ̀tì tí NASA rán lọ sí Mars, náà há sínú yanrìn lọ́dún 2009, kò sì jáde mọ́.) Ẹ gé e ní 2 tàbí 3 mm, kẹ́ ẹ lọ kẹ́ ẹ bọ̀, kẹ́ ẹ yí ojú abẹ sí apá kan díẹ̀ kí yanrìn lè máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ sì gbé bátìrì sórí táyà tó ń wa róbọ́ọ̀tì gan-an. Táyà fífẹ̀ dáa ju tín-ín-rín lọ.

Arduino tó ń kú yẹn, motor ló ń fa iná mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ fún motor ní bátìrì tiẹ̀, kẹ́ ẹ so wáyà GND (wáyà òdì) gbogbo wọn pọ̀. L298N fúnra ẹ̀ máa ń jẹ tó bíi 2 V kí iná tó dé ọ̀dọ̀ motor, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra bátìrì.

Lẹ́yìn tí gbogbo ìyẹn bá ti dúró dáadáa lẹ lè wá fi MPU6050 (sensọ̀ tó ń mọ bí nǹkan ṣe ń tẹ̀, tó ní accelerometer àti gyro nínú) àti servo (motor kékeré tó ń yí dé ibi tẹ́ ẹ bá ní kó dé) sí i, kó máa gbé abẹ kó máa sọ ọ́ kalẹ̀ bí ara róbọ́ọ̀tì ṣe ń tẹ̀. Motor máa ń gbọ̀n, nítorí náà ẹ má gbára lé accelerometer nìkan torí ìgbọ̀nrìrì máa ń dà á láàmú, ẹ pa á pọ̀ mọ́ gyro, tó ń mọ bí nǹkan ṣe ń yí. Mi ò ní ní kẹ́ ẹ fi HC-SR04 (sensọ̀ tó ń fi ohùn wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó) wọn yanrìn o, ohùn ẹ̀ ń fẹ̀ jù, kò lè rí òkìtì kékeré.

Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ síwájú olùkọ́, ẹ gbé rúlà gígùn kan lé yanrìn lórí, ẹ wọn àlàfo tó jìn jù lábẹ́ ẹ̀, kí róbọ́ọ̀tì tó ṣiṣẹ́ àti lẹ́yìn tó ṣiṣẹ́ tán, kẹ́ ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé pírójẹ́ẹ̀tì yín.