Ṣé kí n fòfin de orin funk nínú ilé mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ìlú São Paulo ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, aṣọ ni a ń tà ní àárín ìgboro. Àkọ́bí wa ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún 15. Láti ọdún tó kọjá, kò gbọ́ orin mìíràn mọ́ àfi èyí tí wọ́n ń pè ní funk, tọ̀sán-tòru. Mo ti gbọ́ èdè Potogí débi tí mo fi mọ ohun tí wọ́n ń kọ: ọ̀rọ̀ ìdí, ọ̀rọ̀ ìbọn, ọ̀rọ̀ owó. Ní ìjọ wa, wọ́n ní orin ọmọọ̀ta ni, pé ó ń sọ ọmọ di ọ̀daràn. Bàbá rẹ̀ fẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ní tí a bá ń bú funk, àwọn ọ̀rẹ́ òun ni a ń bú. Ṣé orin lè ba ọmọ jẹ́ lóòótọ́? Kí ni kí a ṣe? – Ìyá Àkọ́bí, São Paulo

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ má fòfin dè é. Mo tètè sọ ìyẹn kí ara lè tù yín láti ka ìyókù, nítorí ẹ̀rù tó ń bà yín ní ìdí, a ó sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọ yín sọ nípa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò. Ọmọ náà mọ ohun tó ń sọ.

Rio de Janeiro ni funk ti ṣẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ òde ijó kan tí wọ́n ń pè ní Baile da Pesada ní gbọ̀ngàn Canecão, orin soul àti funk ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ń lò níbẹ̀. Nígbà tó yá, ijó náà kó lọ sí ìhà àríwá ìlú, níbi tí àwọn mẹ̀kúnnù ń gbé. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú a dá irun sí, wọn a múra, wọn a pé jọ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Ìjọba ológun ló wà lórí àlééfà nígbà náà. Àwọn ọlọ́pàá inú ń ṣọ́ wọn, wọ́n tilẹ̀ gbé Dom Filó, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Soul Grand Prix, ẹgbẹ́ tó ń ṣe òde ijó náà, lọ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ẹ wò ó dáadáa: Gẹ̀ẹ́sì ni orin yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jó o ni kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Pípé tí àwọn ọmọ dúdú pé jọ, tí inú wọn ń dùn, tí orí wọn sì ń wú, ni ìjọba kà sí ewu.

Nígbà tí DJ Marlboro gbé àwo funk tí wọ́n fi èdè Potogí kọ jáde ní ọdún 1989, àwọn ọmọ favela, ìyẹn àdúgbò mẹ̀kúnnù, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara wọn ròyìn ara wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di ẹni tí ìlú ń nàka sí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1992, ìjà àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní etíkun Arpoador, ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n sì sọ orúkọ funkeiro, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ funk, di orúkọ ẹni tí à ń sá fún. Òfin tẹ̀lé òfin. Èyí tí ìpínlẹ̀ Rio ṣe ní ọdún 2008 mú kí ó nira gan-an láti ṣe òde ijó. Ní ọdún 2009, wọ́n wọ́gi lé e, wọ́n sì fi òfin mìíràn kéde pé àṣà ni funk. Síbẹ̀, ní ọdún 2017, èyí tó lé ní 20,000 ènìyàn fọwọ́ sí ìwé pé kí ilé aṣòfin àgbà sọ funk di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Àwọn aṣòfin kò gbà. Láti ọdún 2024, ọjọ́ 12 oṣù Keje ti di Ọjọ́ Funk jákèjádò Brazil, ní ìrántí Baile da Pesada.

(Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti sọ pé tiwa ni gbogbo ohun tó bá dún bí ìlù ní Brazil. Ìlù tamborzão tó gbilẹ̀ nínú funk ní ìparí àwọn ọdún 1990 sún mọ́ Congo de Ouro, ìlù ẹ̀ka Angola nínú Candomblé, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Brazil, tí àwọn ará Kóńgò àti Àǹgólà fi sílẹ̀. Tiwọn ni, ẹ jẹ́ kí a fi fún wọn. Ibi tí tiwa ti wọlé ni ẹ̀sìn: Anitta, akọrin obìnrin tí funk gbé dé gbogbo ayé, ọmọ òrìṣà Lógunẹ̀dẹ ni. Nígbà tó gbé àwòrán ẹ̀sìn rẹ̀ síta ní ọdún 2024, nǹkan bí 200,000 ènìyàn ló pa dà lẹ́yìn rẹ̀ lórí Instagram.)

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí nìyí. Ọmọ ọdún 15 ń wá ẹni tí òun jẹ́. Ọmọ yín dúdú, ọmọ àlejò ni, Brazil ló sì ń gbé. Ọlọ́pàá lè dá a dúró ní ìgboro nítorí fìlà àti ṣòkòtò péńpé tó wọ̀. Inú funk ló ti ń gbọ́ ohùn ẹni tó jọ ọ́, tó ń sọ pé ibi tí mo ti wá kò tì mí lójú. Tí a bá wá sọ nínú ilé pé orin ọmọọ̀ta ni, ohun tí ìgboro ń sọ nípa rẹ̀ náà ni àwa òbí rẹ̀ ń tún sọ. Mo ti rí ohun tí èyí ń ṣe fún ọmọ nínú iṣẹ́ mi. Kì í fi orin sílẹ̀. Òbí ni kì í bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Ijó àjọjó náà ní ohun tó ń ṣe nínú ara. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú 264 ọ̀dọ́ ní erékùṣù Marajó, ní Brazil yẹn náà. Wọ́n ní kí wọ́n jó, wọ́n sì fi ohun tí à ń fi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn lápá láti mọ bí wọ́n ṣe lè fara da ìrora tó. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn jọ lọ, tí wọ́n sì fi agbára jó, fara da ìrora jù, wọ́n sì túbọ̀ rí ara wọn bí ọmọ ìyá. Kì í ṣe funk ni wọ́n fi dán an wò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí àwọn ọmọ Rio tó ń jó passinho, ijó ẹsẹ̀ ti funk, yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹnu orin. Funk pọ̀ ní ẹ̀yà. Consciente wà, tó ń sọ̀rọ̀ ìyà àti ìrètí. Ostentação wà, tó gbilẹ̀ ní São Paulo, ọ̀rọ̀ góòlù àti ọkọ̀ ni. Proibidão wà, tó ń yin àwọn ẹgbẹ́ olóògùn olóró. N kò fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni gbè é. Putaria sì ni ọ̀rọ̀ ìdí gbangba.

Àwa Yorùbá kò lè sọ pé a kò mọ orin ìdí. Ní ọdún Òkè'Bàdàn, àgbà àti ọmọdé a máa fi nǹkan ọkùnrin àti ti obìnrin kọrin ní ìgboro Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọdún náà ní ọjọ́, ó sì ní ààlà. Tí ó bá ti kọjá, kálukú a pa ẹnu mọ́. Fóònù kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀, ibi tí òbí ti níṣẹ́ láti ṣe nìyẹn. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2006, tí wọ́n fi ọdún mélòó kan tẹ̀lé 1,461 ọ̀dọ́, fi hàn pé àwọn tó ń gbọ́ orin tó ń sọ obìnrin di ohun ìlò lásán máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀. Orin ìbálòpọ̀ tí kò tẹ́ ẹnikẹ́ni kò fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn. Nítorí náà, kì í ṣe pé wọ́n dárúkọ ara nìkan ni kí ẹ máa wò. Ẹ wo ipò tí wọ́n fi obìnrin sí. Tati Quebra Barraco, ọmọ favela Cidade de Deus ní Rio, ń kọ orin tó le, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ni.

Ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ yín, kí ó fi orin mẹ́ta tó fẹ́ràn jù hàn yín. Ẹ má bú u. Ẹ bi í pé, "Ta ni ẹni tó ń kọrin yìí? Kí ló ń sọ nípa ọmọbìnrin? Ṣé ìwọ gbà bẹ́ẹ̀?" Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ ju yín lọ. Kí bàbá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ lè ṣe òfin tí yóò dúró: kò sí putaria létí àwọn àbúrò, kò sí fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, kí ó sì dín ohùn íápíìsì kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé 80 decibel (ìwọ̀n ariwo) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni etí àgbàlagbà lè gbà láìsí ewu, 75 sì ni ti ọmọdé.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ le koko ni fluxo, ijó àárín títì òru. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ọlọ́pàá ya wọ òde ijó DZ7 ní Paraisópolis, ní São Paulo yín níbẹ̀. Ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án ló kú, èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 14. Orin kọ́ ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ láago mẹ́ta òru, ẹ sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún un láìbú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ̀mí rẹ̀ ni ẹ ń ṣọ́.

Tí ẹ bá rí i pé ó ń sá nílé ìwé, pé owó tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí pé kì í sùn, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ má dúró láti máa bá orin jà. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, kí ẹ ní ẹ fẹ́ rí onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá. Ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ SUS, ètò ìlera ìjọba Brazil, ẹ̀tọ́ àlejò sì ni bíi ti onílé.