Ẹranko Onírù Funfun Tó Ń Jẹ̀ Lóru

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi tó ń ṣe olùkọ́ ní gúúsù Zámbíà ya àwòrán ẹranko kan lóru ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ sì funfun. Bàbá wọn ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń gbé adìẹ ni, kí ó dẹ pàkúté fún un. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Bísí, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ìyá Bísí, inú mi dùn pé ẹ béèrè kí pàkúté tó débẹ̀. Bàbá kò ṣìnà nípa ẹbí ẹranko náà, nítorí mọ́ńgúùsì ni, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ọdẹ wa ń pè ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ẹ̀sùn adìẹ yẹn ni mi ò fara mọ́. Mo fẹ àwòrán náà títí mo fi rí ẹsẹ̀ iwájú kan tí ó gbé sókè, èékánná gígùn 4 péré ni mo sì kà níbẹ̀. Mọ́ńgúùsì mìíràn kan tó ń jẹ̀ lóru ní Zámbíà tóbi jù ú lọ, ìrù tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán, ọmọ ìka 5 ló sì ní. Èyí tó wá sọ́dọ̀ ọmọ yín ni mọ́ńgúùsì Selous, tí de Winton, onímọ̀ nípa ẹranko, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní ọdún 1896, tí ó sì fi orúkọ Frederick Selous, ọdẹ ará Gẹ̀ẹ́sì, sọ.

Kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 2 lọ. Láti Àngólà títí dé Mòsámbíìkì ló ti ń gbé, níbi tí ilẹ̀ bá ti jẹ́ yanrìn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ́ ihò rẹ̀, tí ó máa ń ní ẹnu ọ̀nà mélòó kan àti yàrá nínú. Inú rẹ̀ ló ń sùn lójúmọmọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, òun nìkan ni yóò jáde. Kòkòrò ló ń jẹ jù, ikán, tata àti yímíyímí, ó sì ń fi eku, alángbá àti àkèré kún un. Kódà ó ń jẹ àkeekèe.

Kí ọmọ yín ti adìẹ mọ́lé dáadáa lálẹ́, kí ó sì yẹ ẹ̀yìnkùlé wò ní kùtùkùtù: ibi tí ó bá ti rí kòtò kéékèèké tí èékánná họ, tí èèpo yímíyímí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni àlejò náà ti jẹun.