Bí a ṣe ń yọ súwíìṣì lára tọ́ọ̀ṣì onírin àtijọ́ tí kò ní síkírúù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní tọ́ọ̀ṣì onírin àtijọ́ kan tó ń lo bátìrì ńlá méjì. Súwíìṣì rẹ̀, irú èyí tí à ń tì síwájú tì sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò tan iná mọ́. Mo fẹ́ yọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí síkírúù kankan lára rẹ̀, ìdérí ìdí rẹ̀ náà sì ti gan pa. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fi skrúdíráífà wá súwíìṣì náà nídìí láti ìta. Inú ni ohun tó dì í mú wà. Ẹni tó bá ń wọ́ ọ láti òde, ara tọ́ọ̀ṣì náà ni yóò tẹ̀, súwíìṣì ò sì ní jáde. Ìdérí ìdí ni ẹ máa kọ́kọ́ tú, kí bátìrì jáde, kí ẹ tó tú orí, kó tó wá kan súwíìṣì.

Omi bátìrì tó jò, tó sì gbẹ sí ojú ibi tí ìdérí ti ń yí, ló sábà máa ń mú un gan. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ sì fi awò bo ojú, nítorí omi bátìrì alkaline máa ń jó ara, ó sì léwu fún ẹyinjú. Ẹ kán epo tí wọ́n fi ń tú bóòtù tó dógùn-ún sí ojú àlà ìdérí náà yí ká, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ wá we túùbù táyà mọ́ ìdérí, ẹ we òmíràn mọ́ ara tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ yí i sí ọwọ́ òsì. Ẹ má fi ẹnu pílásì há a mọ́lẹ̀ lásán: irin ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó bá sì ti tẹ̀, ìdérí náà kò ní yí mọ́.

Bí bátìrì bá ti wú há sínú, ẹ tú orí, ẹ yọ gílóòbù, kí ẹ fi igi tó fẹ̀ tó ẹnu bátìrì tì í jáde láti iwájú. Ẹ má lu ú, ẹ má fi dírílì kàn án, ẹ má sì yá a níná. Ó lè bú gbàmù. Ìyẹ̀fun funfun tí alkaline bá fi sílẹ̀, fínígà díẹ̀ lórí òwú yóò yọ ọ́. Ti bátìrì zinc-carbon, omi tó ní bákíǹ sódà ló yẹ ẹ́, nítorí ásíìdì ni tirẹ̀.

Kí ẹ tó tú súwíìṣì, ẹ jẹ́ kó dá yín lójú pé òun ló bàjẹ́. Iná ń ti orí bátìrì wọ ìdí gílóòbù, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ gílóòbù bọ́ sí pátákó bàbà súwíìṣì, ó wá ń gba ara tọ́ọ̀ṣì padà sí sípíríǹgì inú ìdérí. Nítorí náà, ẹ ki bátìrì tuntun sí i, ẹ dé ìdí rẹ̀, ẹ fi ìdí gílóòbù kan orí bátìrì, kí ẹ fi wáyà kan so ẹ̀gbẹ́ gílóòbù mọ́ ibi tí ẹ ti ha mọ́ lára tọ́ọ̀ṣì. Bó bá tàn, súwíìṣì ni. Bí kò bá tàn, sípíríǹgì àti ojú ìdérí tó dógùn-ún ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. Súwíìṣì púpọ̀ tí àwọn èèyàn ń tú dànù, ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé ló kàn bo bàbà rẹ̀. Ẹ fi sáńpépà 600 ha á, kí ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ sókè díẹ̀ kó lè máa kàn dáadáa.

Bó bá ṣì yẹ kó jáde, ẹ tan iná mìíràn sínú ihò náà, kí ẹ sì ya fọ́tò bí gbogbo rẹ̀ ṣe tò. Bí ó bá jẹ́ etí irin tí wọ́n tẹ̀ ló dì í mú, ẹ fi pílásì ẹlẹ́nu gígùn tọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà kan péré ni kí ẹ tọ́ wọn, nítorí irin àtijọ́ máa ń kán bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Bó bá jẹ́ ríbẹ́ẹ̀tì (ìṣó kékeré tí wọ́n lu ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti fi di irin méjì pọ̀), ẹ fi ìṣó samí sí àárín orí rẹ̀, kí ẹ fi ẹnu dírílì 3 mm lu orí náà nìkan díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó fi ìṣó ti ìyókù jáde.

Ẹ ṣọ́ páálí kékeré tó wà láàárín bàbà àti ara tọ́ọ̀ṣì. Bó bá sọnù, bàbà yóò máa kan ara tọ́ọ̀ṣì nígbà gbogbo, iná náà kò sì ní kú mọ́. Ike pẹlẹbẹ tí ẹ gé bí tirẹ̀ lè rọ́pò rẹ̀.

Bóòtù M3 (tó nípọn tó 3 mm) lè dípò ríbẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tó pẹlẹbẹ ni kó wà nínú, kí nọ́ọ̀tì wà níta. Agolo ara bátìrì alkaline, ọ̀pá pọ́sítíìfù rẹ̀ ni. Bí ẹnu bóòtù bá ha aṣọ rẹ̀ ya, bátìrì yóò kan ara tọ́ọ̀ṣì, yóò sì gbóná gan-an.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó padà, ẹ fi mítà wọn súwíìṣì nígbà tí ẹ bá tì í sí ibi títàn. Ó gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0 ohm (ohm ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó). Ohm 1 péré yóò jẹ nǹkan bí ìdajì volt nínú 3 volt tí gílóòbù tó ń fa 0.5 A nílò, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò sì pọ́n.