Ọmọ tó há Àlùkùránì sórí, tó ń fi ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́

Ìyá wa, àlàáfíà Ọlọ́run fún yín. Ẹ ní ọmọ yín tó wà ní bọ́dìn ilé kéú ti há ìdajì Àlùkùránì sórí, àmọ́ àwọn àfáà rẹ̀ fẹjọ́ sùn pé ó ń fi àwọn ọmọ kéékèèké ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ mú un kúrò níbẹ̀. Ẹ má tíì mú un kúrò. Irú ọmọ yẹn lèmi náà.

Nígbà tí mo wà nílé kéú, èmi ni àmíìrì, ìyẹn olórí, yàrá wa n'Ìjẹ̀bú-Òde. Èmi ni mò ń kọ orúkọ ẹni tó bá pẹ́ dé ìrun àsùbáà. Ọmọkùnrin kan láti Ṣàgámù kì í tètè dé. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọ orúkọ rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń jẹ pàṣán. Mo sọ ọ́ ní Ọ̀lẹ Àsùbáà, gbogbo yàrá sì gbà á lẹ́nu mi. Lóru ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo bá a nídìí kànga, ó ń fọ ẹní àti ṣòkòtò, ó ń gbọ̀n. Ó máa ń tọ̀ọ́lé. Ó ti ń jí ṣáájú gbogbo wa kí ara rẹ̀ lè mọ́ fún ìrun; ìfọṣọ yẹn ló ń dá a dúró. Oorun lèmi tí mò ń pè é lọ́lẹ ń sùn.

Mo sì tún lọ tú àṣírí rẹ̀ síta. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹta ò tíì mọ́ tó fi sá lọ. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Odògbólú ni wọ́n ti rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Bàbá rẹ̀ wá kó ẹrù rẹ̀. N kò tíì rí i tọrọ àforíjì di òní.

Bẹ́ẹ̀ mo ti há súrà Abasa, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 80, sórí nígbà náà. Ibẹ̀ ni ìtàn yìí wà: afọ́jú kan tọ Ànọ́bì wa wá, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, níbi tó ti ń bá àwọn ẹni ńlá Kùráéṣì, ẹ̀yà rẹ̀ ní Mẹ́kà, sọ̀rọ̀; Ànọ́bì fajú ro, Ọlọ́run sì bá a wí. Afọ́jú ò kúkú lè rí ojú tí wọ́n fà ro! Síbẹ̀ Ọlọ́run ò fojú fò ó. Ohùn kíkà mi làwọn àfáà wa máa ń yẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ni afọ́jú yẹn nínú yàrá tèmi.

Èmi náà ti di àfáà báyìí. N kì í fìyà jẹ ẹni tó pẹ́ láì kọ́kọ́ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n bi í ohun tó dá a dúró. Mo sì máa ń so àgbà mọ́ kékeré: wọn á jọ máa pọnmi, wọn á jọ máa rẹ gàrí nínú abọ́ kan. Wọ́n máa ń jà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, ẹ má kọ́kọ́ bi ọmọ yín pé súrà mélòó ló kù. Ẹ bi í pé ta ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí sì ni kì í jẹ́ kónítọ̀hún sùn. Bí kò bá mọ̀, ẹ ní kó lọ wádìí kí ẹ tó tún padà wá. Ẹ gbé gàrí kóńgò méjì dání, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀kan fún ọmọ tí ará ilé rẹ̀ ò wá.