Ẹ Bi Wá: Ṣé bakitéríà lè jẹ kọ́ndẹ́m ọ́ìlì ẹ̀yìnkùlé wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣàgámù là ń gbé, àwọn mẹkáníìkì wà lẹ́yìn ilé wa, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń da kọ́ndẹ́m ọ́ìlì sílẹ̀, koríko ò hù níbẹ̀ mọ́, omi kànga wa náà ti wá ń rùn, tẹ́ ẹ bá fà á ẹ máa rí nǹkan tó ń dán lójú ẹ̀. Àbúrò mi ní yunifásítì ní bakitéríà kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ nǹkan, tó ń jẹ epo. Ṣé ẹ lè bá mi wá a kí n dà á sí kànga? Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Àbúrò yín ò parọ́, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má da nǹkan kan sí kànga yẹn, ẹ má sì mu omi ẹ̀ mọ́, ẹ má sọ pé ẹ ó sè é, sísè ò lè yọ ọ́ìlì kúrò nínú omi.

Àwọn bakitéríà bíi Pseudomonas àti Rhodococcus wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, oúnjẹ ni epo jẹ́ fún wọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé téèyàn bá kàn dà wọ́n sílẹ̀ gbalaja, òjò á gbá wọn lọ, àwọn tó ti ń gbé inú ilẹ̀ náà á sì borí wọn. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń dè wọ́n, bí ìgbà téèyàn so ewúrẹ́ mọ́ ibi tí koríko wà. Wọ́n á po wọ́n mọ́ alginate, jẹ́lì kan tí wọ́n ń rí lára ewédò òkun, wọ́n á wá máa kán an tó, tó, tó sínú omi tí wọ́n po calcium chloride, irú iyọ̀ kan, mọ́, kíá ló máa dì, á di hóró róbótó róbótó, bakitéríà wà nínú, epo àti atẹ́gùn ń wọlé bá a. Ṣùkù àgbàdo tàbí lẹ́búlẹ́bú igi sọ́míìlì náà ṣeé lò, kò wọ́n, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù fún ìlú tiwa.

Àmọ́ epo nìkan ò tó wọn jẹ o, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn, omi, àti nitrogen pẹ̀lú phosphorus tó wà nínú ajílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Exxon Valdez da epo sí Alaska ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1989, ajílẹ̀ ni wọ́n fọ́n sí etí òkun kí bakitéríà tó wà níbẹ̀ lè ráyè ṣiṣẹ́. Òjé tó wà nínú kọ́ndẹ́m ọ́ìlì ńkọ́? Bakitéríà ò lè jẹ ìyẹn láéláé. Tí epo bá sì ti wọlẹ̀ jìn, ọ̀rọ̀ di nǹkan míì: UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, sọ lọ́dún 2011 pé ní Ògóní, epo ti wọ ilẹ̀ kọjá mítà 5 láwọn ibì kan, kí wọ́n kàn máa ro òkè ilẹ̀ kí wọ́n da ajílẹ̀ sí i ò ràn án.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí dída epo yẹn dúró ná, torí bakitéríà wo ló fẹ́ jẹ èyí tí wọ́n ń dà lójoojúmọ́ tán? Ẹ lọ bá alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, kí wọ́n ra dúrọ́ọ̀mù, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù kúkú ń ra kọ́ndẹ́m ọ́ìlì fi pa móòdù, owó ni wọ́n ń dà nù jàre. Tí wọ́n bá ṣorí kunkun, ẹ pe wolé-wolé. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé omi kànga lọ sí láàbù, nínú ìgò gíláàsì o, kì í ṣe ike, torí epo máa ń lẹ̀ mọ́ ara ike.