Ojú mi pọ́n, ojú pọ́n mi: báwo la ṣe ń mọ èyí tí ọ̀rọ̀ kàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá bí èdè kejì ni mò ń kọ́. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ sọ pé ojú òun pupa nítorí àìsùn, ló bá kọ "ojú ń pọ́n mi". Mo fàlà sí i lábẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó bi mí pé kí ló dé, mi ò rí àlàyé gidi ṣe. Ojú yìí ti pọ̀ jù: ojú ọ̀nà, ojú tì mí, gbójú lé, ó dájú. Ṣé kí n ní kí wọ́n kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú akitiyan. Àkọ́sórí nìkan ò ní gbé wọn débì kan. Ohun tí mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wò ni ibi tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn dúró sí nínú gbólóhùn. Nínú "ojú mi pọ́n", èmi ni mo ni ojú, ẹyinjú ló sì pupa. Eruku lè ti kó sí i. Ṣùgbọ́n nínú "ojú ń pọ́n mi", "mi" ti bọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe. Ojú ti di ohun tó ń ṣe mí: ìyà ń jẹ mí, tàbí mò ń wá nǹkan lójú méjèèjì tí mi ò rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ojú tì mí" àti "ojú ń kán mi". Kò sí oníṣègùn ojú tó lè wo ìkankan nínú wọn sàn.

Ẹ wo bí ìyàtọ̀ yìí ṣe lágbára tó. "Ojú ọmọ náà pọ́n": ẹyinjú ọmọ ló pupa. "Ojú ọmọ ń pọ́n ọn": ẹnìkan ló ń wá ọmọ bí, tí kò tíì rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó tẹ̀ lé "pọ́n" ló sọ ẹyinjú di ìbànújẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Irú èyí ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ létí kí wọ́n tó kọ ọ́.

Òfin yẹn ò ká gbogbo rẹ̀ ṣá. Ẹni tó ní "ojú ń yún mi", "ojú ń ta mí" tàbí "ojú ń dùn mí", ẹyinjú gan-an ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ìṣe náà ni "mi" wà. Ibẹ̀ ni ìdánwò kejì ti wúlò: ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ orúkọ. Ojú pọ́n bí ìpọ́njú, ojú tì bí ìtìjú, ojú kán bí ìkánjú. Kò sẹ́ni tó ń sọ "ìyúnjú" tàbí "ìtajú". Ìdánwò náà ṣiṣẹ́ fún inú pẹ̀lú: ìbínú wà, ìdùnnú wà, ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń run, inú rírun náà ló ń ṣe é, kò sí "ìrunnú".

Ní ti ojú ọ̀nà, ojú ogun, ojú oorun àti ojú àlá, ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ ni ojú dúró fún. Ìyẹn ló jẹ́ ká máa sọ ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ojú irin. Ojú abẹ́rẹ́ ni ihò rẹ̀, ojú abẹ sì ni ibi tó mú. Èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ da ọmọ láàmú.

Ibi tó le ni ibi tí ojú ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Ẹni tó bá "ṣojú" wa ní ìpàdé, aṣojú wa ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní "ìjà náà ṣojú mi", ohun tí mò ń sọ ni pé mo wà níbẹ̀, mo rí i. Ẹ wo ohun tó ṣíwájú: bó bá jẹ́ ènìyàn, ó sábà máa ń jẹ́ aṣojú, bó bá jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀, ẹ̀rí ni. Dájú ni mo kà sí èyí tó léwu jù. "Ó dájú pé òjò á rọ̀" kò ní iyèméjì nínú, ṣùgbọ́n "ọ̀gá yẹn dájú" túmọ̀ sí pé kò láàánú. "Pé" ni kí wọ́n máa wá. "Ó dá mi lójú" ní tirẹ̀ kò lè jẹ́ ti ọ̀dájú láéláé.

Ẹ má sì fojú kéré àmì abẹ́ lẹ́tà. "Ó rọ́jú" ni pé ó fara dà á. "Ó rójú" ni pé ó ráyè sinmi.

Ní ti ọmọ yẹn, ẹ kọ "ojú mi pọ́n" sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kí ẹ ní kó fi méjèèjì sọ ìtàn kúkurú kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá sì ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, kí wọ́n má dúró sábẹ́ O nìkan: abẹ́ F ni fojúsọ́nà wà, gbójúlé wà lábẹ́ GB, ṣojú sì wà lábẹ́ Ṣ.