Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Rebound Tó Ń Bọ́ Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amẹ́ríkà, a sì ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n NCAA ti ọkùnrin. Méjì nínú àwọn ọmọ wa ga ju mítà méjì lọ, síbẹ̀ àwọn alátakò ló ń kó rebound, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí kò wọlé tó ta padà, lábẹ́ àwọ̀n wa. Zone la sábà máa ń gbá. Níbo la ti ń ṣì í?

Ìdáhùn: Gíga nìkan kọ́ ló ń mú rebound. Dennis Rodman léwájú nínú rẹ̀ ní NBA fún sáà 7 léraléra, láti 1991–92 dé 1997–98, kò sì ga ju mítà 2.01 lọ. Zone yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nínú rẹ̀, àyè ni kálukú ń ṣọ́, kì í ṣe ènìyàn. Bí bọ́ọ̀lù bá gbéra, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó dí. Gbogbo wọn á gbójú sókè, alátakò á sì yọ́ wọlé. Ẹ fi òfin kan lélẹ̀: ẹni tó bá wọ àyè ọmọ kan, tirẹ̀ ni.

Gbàrà tí bọ́ọ̀lù bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú, kí ọmọ wá ènìyàn kó tó wá bọ́ọ̀lù. Kó gbésẹ̀ sún mọ́ ọn, kó fi apá kàn án láyà, kó tó wá kẹ́yìn sí i, kó ya ẹsẹ̀ ju èjìká lọ, kó sì tẹ orúnkún. Kó má fi ọwọ́ há a mọ́ra o, rẹfirí á fọn fèrè. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kó yí padà kó tó fara kàn án. Afẹ́fẹ́ ló ń dí nígbà náà. Òmíràn ni kí wọ́n tì í wọ abẹ́ irin tí àwọ̀n so mọ́, kí bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ kọjá. Nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ sí irin ló dáa. Tó bá ti mú un, ọwọ́ méjèèjì, kó gbé e sábẹ́ àgbọ̀n, kó na ìgúnpá síta. Ọmọ gíga tó bá sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìbàdí ti gbé e fún àwọn kúkúrú nìyẹn.

Àwọn gáàdì, ìyẹn àwọn tó ń gbá jìnnà sí àwọ̀n, náà jẹ̀bi. Bọ́ọ̀lù alámì-mẹ́ta máa ń ta jìnnà, èyí tí wọ́n jù láti igun sì sábà máa ń bọ́ sí òdìkejì. Bí gáàdì bá ti sá lọ síwájú, ta ni yóò mú u? Bí alátakò bá gbà á lẹ́yìn tó kan irin, ìṣẹ́jú-àáyá 20 tuntun ló dé ọwọ́ wọn láti tún jù ú.

Ẹ má sì jẹ́ kí iye rebound tàn yín. Bí 40 bá ta padà lábẹ́ àwọ̀n yín, tí alátakò mú 14, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gbà. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ máa kọ sílẹ̀.

Fún ìdánrawò, ìṣẹ́jú 10 tó: mẹ́ta kojú mẹ́ta, àwọn tó ń dí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù títí yóò fi balẹ̀. Bí alátakò bá gbà á, kíkà padà sí òdo. Bí wọ́n bá dí wọn lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, wọ́n á jáde.

Ìbéèrè: Nígbà free throw, ìyẹn bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí alátakò ń jù lẹ́yìn fáọ̀lù, ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin lẹ ni àyè tó sún mọ́ irin jù lápá méjèèjì, ẹ máa lò ó. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́, kí ọmọ gbé ẹsẹ̀ inú dábùú iwájú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn ọmọ yín tó jìnnà sí irin ni kó lọ dí ẹni tó jù ú gan-an. Òun ni wọ́n máa ń gbàgbé jù.